Ẹ̀kúnwọ́ Àlìkámà Kan ní Fulshear

Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Améríkà. Mo tètè sọ ọjọ́ orí mi nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló bi mí kí n tó lọ pé, "Tísà, kí ni ẹ tún ń wá lọ sí òkè òkun ní àgbà yìí?" Ọmọ mi Bọ́lánlé ló ní kí n wá kí òun, mo sì lọ kí i. Ṣùgbọ́n ohun tó di ìtàn fún mi níbẹ̀ kì í ṣe ilé gíga, kì í sì í ṣe ọ̀nà márosẹ̀. Àlìkámà ni.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà àti ọkọ̀ òfuurufú dá yín dúró. Ẹni tó ti wọ̀ ọ́ rí mọ bó ṣe rí, ẹni tí kò sì tíì wọ̀ ọ́ yóò fúnra rẹ̀ rí i lọ́jọ́ kan. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo dé sí.

Mo gúnlẹ̀

Bọ́lánlé àti ọkọ rẹ̀, Káyọ̀dé, ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹnjiníà ni Káyọ̀dé, ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní La Porte, lẹ́bàá omi. Bó ṣe rí mi báyìí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ́rùn. Ọlọ́pàá kan sáré wá.

"Sà, ṣé kò sí wàhálà? Ṣé kí n pe dókítà?"

Káyọ̀dé dá a lóhùn láti orí ilẹ̀ pé, "Rárá o. Ìyá ìyàwó mi ni mò ń kí."

Ọlọ́pàá náà wò mí, ó wo Káyọ̀dé, ó mi orí. "Ó yẹ kí ọkọ ọmọ tèmi náà wá gbọ́ èyí," ló wí.

Houston tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Èmi tí mo ti fi ogójì ọdún gbé láàárín àwọn òkè Èkìtì, mo ń wá ibi tí ojú mi máa fara tì, n kò rí i. Ọ̀nà márosẹ̀ kan gun orí òmíràn, òmíràn tún gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. A lọ, a lọ. Mo ní, "Bọ́lá, ìgbà wo la máa jáde ní Houston?"

"Màmá, a ò jáde o. Láti wákàtí kan yìí, Houston náà la ṣì wà."

Fulshear ni ilé wọn, ní apá ìwọ̀ oòrùn, níbi tí àwọn tó fẹ́ àyè fún ọmọ ń kó lọ. Ilé tuntun, òrùlé tuntun, igi tí kò tíì ga jù mí lọ. Mo ka àkọlé òpópónà wọn: ohun tó túmọ̀ sí lédè wa ni Ìkórè. Èyí tó tẹ̀ lé e ni Àká. Bẹ́ẹ̀ n kò rí ewé ọkà kan ṣoṣo. Mo béèrè ìdí rẹ̀.

Káyọ̀dé ní, "Màmá, àwọn tó kọ́ estate ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kó ṣáà lè dùn létí ni."

Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Obìnrin tó ń fẹsẹ̀ rìn

Wọ́n máa ń sọ nílé pé òyìnbó kì í kíni. Ẹ jẹ́ kí n bá wọn tún un ṣe. Ní Texas, wọ́n ń kíni dáadáa. Ẹni tó ń wakọ̀ bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán tí kò mọ̀ ọ́ rí yóò gbé ìka kan sókè lórí ìdarí ọkọ̀ rẹ̀, ó ti kí ọ nìyẹn. Ìrìn ni wọn kì í rìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ró ìró mi, mo wọ bùbá, mo ní kí n na ẹsẹ̀ díẹ̀. Kí n tó dé ìdajì òpópónà, mọ́tò mẹ́ta ti dúró. Obìnrin àkọ́kọ́ bi mí bóyá ọkọ̀ mi ló bàjẹ́. Ẹnì kejì, ọkùnrin kan, bi mí bóyá mo sọnù. Ẹ̀kẹta, ọmọge kan, na omi inú ike sí mi láti ojú fèrèsé. "Mo kàn ń rìn ni," ni mo ń wí fún wọn, wọ́n sì ń wò mí pẹ̀lú àánú. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti di àlejò pátápátá.

Ní òpin òpópónà, kòtò kan wà tí wọn kò tíì gé koríko inú rẹ̀. Koríko náà ga, ó so ṣírí, ó sì jọ ọkà bàbà bí àbúrò ṣe ń jọ ẹ̀gbọ́n. N kò mọ ìgbà tí mo já ọ̀kan. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, mo fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù, mo wo hóró tó kù.

Mọ́tò kẹrin dúró. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ni, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Bàbá arúgbó kan yọ orí jáde, ó dé fìlà fífẹ̀.

"Máàmù," ó ní, "ìyẹn kì í ṣe àlìkámà o."

"Mo mọ̀, sà. Ìbátan ọkà bàbà ni. Ọwọ́ mi ló kàn rántí iṣẹ́."

Ó pa ẹ́ńjìnì. Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ síwájú mi, ó fi wọ́n ra ara wọn, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí wọn gẹ́lẹ́ bí mo ṣe ṣe é. "Ó tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti rí ẹni tó ṣe báyìí kẹ́yìn," ó ní. "Níbo lẹ ti kọ́ ọ?"

Roy ni orúkọ rẹ̀. Ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọn kò bímọ, òun nìkan ló sì ń gbé inú ilé pákó àtijọ́ kan lẹ́yìn estate náà. Ó na ọwọ́ yíká àwọn òrùlé tuntun yẹn. "Ilẹ̀ bàbá mi ni gbogbo èyí," ó wí. "Ìrẹsì la ń gbìn nígbà ooru, àlìkámà nígbà òtútù. Nígbà tí n kò lè dá a ṣe mọ́, mo tà á."

Mo wá mọ ìdí tí òpópónà ọmọ mi fi ń jẹ́ Ìkórè.

Ọmọdé méjì tó jẹ gọ́ọ̀mù

Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá Roy a máa wá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa lọ́sàn-án, nígbà tí Bọ́lánlé bá wà níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ ní Medical Center. "Bàbá" ni mò ń pè é. Nígbà àkọ́kọ́, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá wí. Ó ní kò sí ẹni tó pe òun bẹ́ẹ̀ rí. Mo ṣàlàyé fún un pé nílé wa, ọjọ́ orí nìkan ti tó láti sọ ènìyàn di bàbá. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn. Òun náà kọ́ "Tísà" lẹ́nu mi, ó sì ń pè é bí ẹni tó ní iṣu gbígbóná lẹ́nu.

Mo sọ fún un nípa Kánò. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá mi, ibẹ̀ la sì wà títí mo fi pé ọmọ ọdún méjìlá. Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ń gbin àlìkámà níbẹ̀, létí odò. Àwọn ọkùnrin yóò so igbá mọ́ ẹnu igi gígùn kan, wọn a máa fà á sókè sódò, omi a sì máa ṣàn wọ inú àwọn ebè kéékèèké. Bó bá gbó, gbogbo pápá á pọ́n bí ara ẹyẹ ẹ̀gà. Màmá mi máa ń bá àwọn obìnrin àdúgbò pa ọkà. Wọn a kó ṣírí sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti fi amọ̀ rẹ́, wọn a fi igi lù ú, wọn a sì fi atẹ fẹ́ ẹ. Bí afẹ́fẹ́ kò bá wá, màmá mi á gbé atẹ náà dúró lókè, á súfèé wẹ́rẹ́, bí ẹni ń pe ajá tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọlọ yóò kàn. Gbogbo ọ̀sán ni ẹ ó máa gbọ́ ọ lágboolé: ọmọ ọlọ ń lọ, ọmọ ọlọ ń bọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ìlọta dé, tó ń pariwo pọ̀-pọ̀-pọ̀ ní igun òpópónà, inú wa dùn púpọ̀. Kò pẹ́ tí agboolé wa fi dákẹ́.

Bàbá Roy ní, "Ẹ̀rọ náà ló pa tiwa lẹ́nu mọ́." Ó sọ nípa ẹ̀rọ ìkórè ńlá tí bàbá rẹ̀ rà, tó ń gé àlìkámà, tó ń pa á, tó sì ń fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí òun ṣe máa ń dúró nínú ọkọ̀ tí hóró yóò bo òun dé ìbàdí, bí ó ṣe máa ń wọ bàtà òun. "A máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan sẹ́nu," ó wí, "a ó jẹ ẹ́, a ó jẹ ẹ́, títí..."

"Títí yóò fi di ṣingọ́ọ̀mù!" ni mo pariwo.

Ó fò dìde lórí àga. "Ẹ̀yin náà?"

"Tútù ló dára jù láti fi ṣe é, èyí tí kò tíì gbẹ tán."

"Irọ́ ni, Tísà. Gbígbẹ ni!"

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, mo fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: ẹ ṣì í."

A jiyàn lórí gọ́ọ̀mù àlìkámà títí Bọ́lánlé fi dé láti ibi iṣẹ́. Ó bá ìyá rẹ̀ àti òyìnbó ẹni ọgọ́rin ọdún tí wọ́n ń na ìka síra wọn. Ó ní, "Màmá, ẹ ti ń bá wọn jà? Ẹ ò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan!"

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Káyọ̀dé fi ọkọ̀ gbé àwa méjèèjì lọ wo apá ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kí á tó dé La Porte, a rí àwọn àká kan lẹ́bàá omi níbi tí ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ń gúnlẹ̀ sí: funfun, rìbìtì, wọ́n tò tira, wọ́n ga ju ilé ìjọsìn ìlú wa lọ. Bàbá Roy ní inú irú wọn ni àlìkámà bàbá òun máa ń wọ̀, kí ó tó bá omi lọ sí ilẹ̀ òkèèrè.

"Ṣé ó máa ń dé ọ̀dọ̀ wa?" mo béèrè.

"Ẹ jẹ búrẹ́dì ní kékeré?"

"Kí ló dé tí n kò ní jẹ ẹ́!"

"Ó ṣeé ṣe kí a ti bọ́ yín rí nígbà náà."

Ẹ kò mọ bí inú mi ti dùn tó. Mo ronú nípa búrẹ́dì tí mo ń fi ẹ̀wà jẹ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, pé bóyá ilẹ̀ tí ilé ọmọ mi jókòó lé lónìí ni hóró inú rẹ̀ ti wá. Káyọ̀dé ní, "Màmá, ẹ rọra, ẹ máa fọ́ fèrèsé mi." Mi ò mọ̀ pé mo ti ń lu gíláàsì.

Ìgò

Ní ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Bàbá Roy gbé ìgò kan wá. Àlìkámà ló kún inú rẹ̀, ó pọ́n, ó ń dán, ìgò náà sì tutù lọ́wọ́ bí èyí tó jáde láti inú fíríìjì. Ó gbé e ka orí tábìlì ìdáná. Bí ó ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀, fóònù rẹ̀ dún. Wọ́n ń retí rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà, ó sì ti gbàgbé. "Ẹ wò ó dáadáa, Tísà," ó wí. "Mo ń bọ̀ ní Sátidé." Ó sì jáde kíákíá.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn. Bí aládùúgbò bá gbé ọkà wá sí ilé yín, tó gbé e ka orí tábìlì ìdáná, tó sì bá tirẹ̀ lọ, kí lẹ ó pe ìyẹn? Ẹ̀bùn ni èmi pè é. Bébà kan wà lára ìgò náà tí wọ́n kọ nǹkan sí wínníwínní. Awò ojú mi wà lókè ilé, mo sì wí fún ara mi pé orúkọ oúnjẹ náà ni.

Ọjọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sílẹ̀, mo dì í sínú etí aṣọ kan, mo fi í sínú àpótí mi. Kì í ṣe pé mo ro nǹkan kan. Bí màmá mi ṣe máa ń ṣe ni. Kò sí ọkà tó wọ ilé rẹ̀ tó lọ̀ tán. Ẹ̀kúnwọ́ àkọ́kọ́, a ní kì í ṣe tiwa, ti ilẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni mo ṣa ìyókù, mo fọ̀ ọ́, mo sá a sí oòrùn lẹ́yìnkùlé títí ó fi gbẹ. Mo fi ẹ̀rọ ìlọta ti Bọ́lánlé lọ̀ ọ́; ẹ̀rọ náà ké bí ewúrẹ́, kò sì kú. Mo rẹ ìgò náà sínú omi, mo fọ̀ ọ́ dán. Bébà ara rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lódindi. Ìkọ̀wé rẹ̀ wù mí, ó tò, ó dúró ṣánṣán, nítorí náà mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fèrèsé kí ó gbẹ. Abọ́ àlejò kì í padà lófìfo, mo sì din ṣinṣín kún inú ìgò náà dé ọrùn.

Ní Sátidé, Bàbá Roy dé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀. Mo gbé ọkà tí mo fi ìyẹ̀fun àlìkámà rò bí àmàlà kalẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá, àti gúrásà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí a ń jẹ ní Kánò. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ ọ̀tún bu òkèlè. Ata mú un, ó làágùn, ó tún bu sí i. Bọ́lánlé ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kan gúrásà, ó pa ojú dé.

"Tísà, n kò tíì rí ìyẹ̀fun tó dùn báyìí ní ilé ìtajà kankan láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Níbo lẹ ti rà á?"

Mo na ara mi gan-an. Mo ní, "Bàbá, ẹ kò dá ọmọ yín mọ̀! Tiyín ni, èyí tí ẹ gbé wá!"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà dúró síbi tó dé. Ó wo orí tábìlì ìdáná, ó rí ìgò rẹ̀ pẹ̀lú ṣinṣín nínú, tí kò sí bébà lára rẹ̀ mọ́. Ó fi òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó nu ọwọ́. Ó dìde, ó mú fìlà rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, máàmù. Oúnjẹ náà dára." Kò pè mí ní Tísà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìgò náà, bí ẹni gbé ọmọ ìkókó, ó sì lọ.

Mo ní ata ni. Bọ́lánlé ní, "Màmá, kì í ṣe ata."

Ohun tó yẹ kí n ti kà

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, Bàbá Roy kò jáde. Ọkọ̀ rẹ̀ wà ní ojú kan. Ní ọjọ́ kẹrin, Bọ́lánlé ń nu fèrèsé, ó rí bébà náà. Ó kà á, ó sì pè mí.

"Màmá, ẹ wọ awò yín. Ẹ wá."

Ìkọ̀wé obìnrin ni, bóyá ti ìyàwó rẹ̀ tó kú. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ: *Èyí tó kẹ́yìn. Láti oko Bàbá. Má ṣe ṣí i.*

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi dúró níwájú àwọn ọmọ yín. Bí ẹ bá bi wọ́n ohun kan ṣoṣo tí Tísà máa ń sọ nígbà ìdánwò, wọn yóò sọ fún yín pé: "Ẹ ka ìbéèrè kí ẹ tó dáhùn." Èmi ni mo se ìbéèrè náà jẹ. Ọkùnrin yẹn kò ní ọmọ, kò ní ìyàwó, kò ní ilẹ̀ mọ́. Ìgò kan ló kù fún un láti fi mọ̀ pé oko kan wà rí, mo sì ti fi í ro ọkà, mo tún bu ọbẹ̀ ilá lé e fún un.

Mo jókòó sórí ilẹ̀ ìdáná. Bọ́lánlé di èjìká mi mú. "Màmá, ṣé gbogbo rẹ̀ lẹ lọ̀?"

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Mo gun àtẹ̀gùn ilé yẹn bí ọmọ ogún ọdún.

A lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá Roy. Bó ṣe ṣí i, mo kúnlẹ̀ lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Jìnnìjìnnì bò ó. "Máàmù, ẹ dìde! Orúnkún yín!" N kò dìde. Ó tẹ̀ ba láti fà mí sókè, orúnkún tirẹ̀ náà kọ̀ fún un, òun náà sì wá sílẹ̀ gbì. Bí àwa arúgbó méjì ṣe wà lórí pákó nìyẹn, a ń wo ara wa, kò sí ẹni tó lè dìde nínú wa.

Bọ́lánlé ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ má mira. Ta ni kí n kọ́kọ́ gbé báyìí?"

Bàbá Roy ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo tú etí aṣọ náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ níbi tí a jókòó sí. Ó wo àwọn hóró náà. Ó mú ọ̀kan, ó fi eyín tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́ bó ṣe dún.

"Ta ló ní kí ẹ yọ èyí sílẹ̀?"

"Màmá mi."

"Mo ti fi ọdún mẹ́sàn-án bẹ̀rù láti ṣí i," ó wí. "Ibo ni mo fẹ́ gbìn ín sí?"

Mo ní, "Bàbá, ilẹ̀ bàbá yín kò lọ sí ibì kankan. Ẹ̀yìnkùlé ọmọ mi ni ó wà."

Ilẹ̀ dúdú

Ẹ wá gbọ́ igbe Káyọ̀dé. "Màmá! Koríko tí mo ti ń gé láti ọdún mẹ́ta! Àwọn tó ń ṣàkóso estate máa kọ̀wé sí wa o!" Mo ní ọgbà wà yí ẹ̀yìnkùlé ká, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ sọ Fulshear di oko ni?" Mo ní, "Oko ló jẹ́ tẹ́lẹ̀." Òun fúnra rẹ̀ ló sì wá fi ṣọ́bìrì ká koríko náà bí ẹní. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Bàbá Roy bu díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó kọjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀. A fi í sílẹ̀.

Kí á tó gbìn ín ní oṣù kọkànlá, mo fi hóró mẹ́wàá sínú aṣọ tútù láti dán an wò, nítorí pé ọkà ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe ọmọdé. Ọjọ́ mẹ́fà la fi ń ṣí aṣọ yẹn wò láàárọ̀ àti lálẹ́. Mẹ́fà hù. Ẹ kò rí bí Bàbá Roy ṣe bọ fìlà tó sì jù ú sókè!

Ìyókù nínú ìrìn-àjò mi, àlìkámà náà ni mo fi ń ka oṣù. Ó yọ bí irun, ó nà, ó di àwọ̀ ewé tó ń tanná nígbà tí koríko àwọn aládùúgbò ti gbẹ. Mo jẹ oúnjẹ wọn, mo lọ sí ilé ìjọsìn wọn, mo kí àwọn ọmọ Yorùbá ní Pearland tí wọ́n mọ "ẹ káàárọ̀" àti orúkọ oúnjẹ mẹ́rin péré, tí wọ́n sì ń sọ wọ́n tìdùnnútìdùnnú. Ṣùgbọ́n ibi tí mo bá wà, ojú mi ń wá ẹ̀yìnkùlé. Ní oṣù kẹta, ó so ṣírí. Ní òpin oṣù kẹrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Ó ku ọjọ́ méjì kí n padà sílé nígbà tí a kórè rẹ̀. Bàbá Roy mú dòjé bàbá rẹ̀ àti ìgò rẹ̀ wá, Bọ́lánlé mú sísọ́ọ̀sì ìdáná. A kó ṣírí sínú àpò ìrọ̀rí, Káyọ̀dé fi igi lù ú, ó ní gbogbo ìbínú oṣù mẹ́fà lòun ń lù jáde. Mo dà á sínú atẹ irin, mo gbé e sókè. Kò sí atẹ́gùn. Ooru Houston dúró ṣinṣin bí ògiri.

"Màmá, fáànù wà nínú ilé," Bọ́lánlé ní.

Bàbá Roy ní, "Ẹ dúró."

Mo fún ètè pọ̀. Mo súfèé wẹ́rẹ́, bí màmá mi. Ó ti tó ọgọ́ta ọdún tí mo ti ṣe é kẹ́yìn. Bàbá Roy gbà á lẹ́nu mi, ó súfèé tirẹ̀. Káyọ̀dé ń rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú. Ẹ má bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan dìde láti apá òkun, ó kọjá lórí ọgbà, ó sì gbé ìyàngbò náà lọ tààrà sínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ aládùúgbò. Hóró nìkan ló kù nínú atẹ, ó ń dún ṣèkèrè-ṣèkèrè.

Ó kún ìgò náà dé ọrùn, ó sì ṣẹ́ kù. Mo gbé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbà á, ó dà á padà sínú atẹ. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dì í sínú etí aṣọ mi àtijọ́, ó sì fi í sínú ìgò náà. Ó ti ìyókù sí mi.

"Ẹ lọ̀ ọ́, Tísà," ó wí. "Ebi ń pa mí. Ẹ má sì dín ata kù."

A jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì tán. Kí n tó wọlé lọ di ẹrù mi, ó na bébà tuntun sí mi pé kí n kọ ọ́ fún ìgò náà, nítorí ìkọ̀wé mi dára. Mo wọ awò mi. Mo kọ ọ́ ní èdè méjèèjì, kí Bọ́lánlé náà lè máa rántí rẹ̀: *Ti ilẹ̀ ni. Ẹ ṣí i ní oṣù kọkànlá.*

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìtàn yìí dé ibí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àṣìṣe mi ṣe ẹ̀kọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìgò kan ka tábìlì yín, ẹ wọ awò yín, ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀, kí ẹ sì bi í ohun tó fẹ́ kí ẹ ṣe sí i kí ẹ tó gbé omi kaná. Bí ó bá sì di dandan kí ẹ lọ̀ ọ́, ẹ kọ́kọ́ yọ ẹ̀kúnwọ́ kan sílẹ̀ ná.